Awo àti Gbangba: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Àjọṣe Nínú Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà
Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń polongo pé gbangba ni ó yẹ kí ìmọ̀ wà, kí olùwádìí fi àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ síta, kí ẹlòmíràn lè lò ó, kí ó sì fi tirẹ̀ kún un. Èrò yìí bá òye Yorùbá mu, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Síbẹ̀, Yorùbá kan náà ló mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí awo mọ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì ń gbọ́. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé gbangba nìkan kò tó. Ẹni tí a ní kí ó ṣí ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìjókòó nídìí iṣẹ́ náà, kí orúkọ àti èrè rẹ̀ má sì sọnù.

Sapara àti Ẹgbẹ́ Ṣọ̀pọ̀nná
Freetown ni wọ́n ti bí Dókítà Oguntola Sapara (1861–1935), ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kí ó tó wọṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Èkó ní 1896. Ó wà lára àwọn tó ṣe akitiyan ìdásílẹ̀ ilé ìwòsàn Òpópónà Massey ní Erékùṣù Èkó, ó sì nífẹ̀ẹ́ sí ìwádìí ewé àti egbò. Nígbà tí ìgbóná jà ní agbègbè Èkó ní 1897, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, Sapara fi ẹ̀mí wewu, ó yọ́ wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀nná. Ìròyìn tó mú jáde ni pé àwọn àwòrò kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í tan àrùn kálẹ̀. Ìròyìn yìí wà lára ohun tó bí òfin ìjọba tó ka bíbọ Ṣọ̀pọ̀nná léèwọ̀ kí ọdún 1920 tó dé.

Kò sí iyàn jíjà nípa ìgboyà Sapara. Bí àwòrò bá ń pa ènìyàn, ó tọ́ kí a dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ìlànà ìwádìí náà ni ó yẹ kí lámèyítọ́ tẹpẹlẹ mọ́. Awo ni Sapara fi wádìí awo. Ìròyìn ẹni tó wọlé tọ̀ wọ́n ló gbilẹ̀, kì í ṣe àlàyé àwọn àwòrò fúnra wọn. Ṣé gbogbo èépá tí wọ́n ha ló wà fún ìpalára, àbí òmíràn wà fún ìdáàbòbò? Nígbà tí òfin ti de ẹgbẹ́ náà, kò sí àwòrò tó lè dáhùn ìbéèrè yìí ní gbangba láìfa ẹjọ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn.

Gbẹ́rẹ́ Onesimus
Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sọ di ẹrú, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé ní ilé àwọn, wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi oje egbò ìgbóná sí i, kí àrùn náà má baà pa ènìyàn. Nígbà tí ìgbóná dé ìlú náà ní 1721, Dókítà Zabdiel Boylston dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó sín ní gbẹ́rẹ́, bí 2 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí àrùn fúnra rẹ̀ mú, bí 14 ló kú. Boylston di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society ní 1726, ṣùgbọ́n Onesimus kò rí nǹkan kan gbà nínú ògo náà. Ìmọ̀ dé gbangba, olówó ìmọ̀ kò bá a débẹ̀.

Gbangba Lóde Òní
Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé ìwádìí ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àjọṣepọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, ka àbùdá jíìnì kòkòrò àrùn Kòrónà tí wọ́n rí lára arìnrìn-àjò kan tó gba Èkó wọlé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fi àbájáde náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ni. Àjọṣe tó dára nìyí, nítorí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ dúró lórí iṣẹ́ wọn.

Síbẹ̀, nígbà tí South Africa àti Botswana kéde ẹ̀yà Omicron ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹnubodè tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tì mọ́ wọn ni èrè òótọ́ wọn. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà náà sínú àwọn tí wọ́n dá lọ́nà. Bí a bá ń fìyà jẹ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, ta ni yóò tún yára sọ?

Àgbálọgbábọ̀
Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ló ṣaláìtó: ìdọ́gba láàárín ẹni tó mú ìmọ̀ wá àti ẹni tó gbà á. Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010 gbìyànjú láti fi òfin gbe ìdọ́gba yìí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wẹ́ọmọ tàbí lékulẹ́ja ní ọjà bíi Jankara, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ó bá gbà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ewé tí ó júwe, kí wọ́n sì padà wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹlẹ́wẹ́ọmọ kò ní ẹ̀rọ tí ó lè fi wo kòkòrò, onísáyẹ́ǹsì kò sì mọ ewé tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.