Ẹlòmíràn Ni Yóò Kà Á

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ wa: ẹni tó kọ ìtàn kò gbọdọ̀ kà á fúnra rẹ̀. Yóò fi ìwé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò jókòó, yóò sì panu mọ́. Ó rọrùn láti sọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kàn mí, mo làágùn bí ẹni tí wọ́n gbé lọ síwájú adájọ́.

Yàrá ìránṣọ Bàbá Tẹ́lọ̀ la ti ń ṣe ìpàdé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Marshalltown, àárín gbùngbùn Johannesburg. Lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn oníbàárà bá ti gba aṣọ òde wọn lọ, a ó jókòó yí tábìlì tí Bàbá fi ń gé aṣọ ká. Àwa méje ni. Ẹnìkan á ti ra magwinya, àbúrò pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, wá láti ìsàlẹ̀. Yorùbá la fi ń kọ̀wé. Àwọn kan máa ń bi wá pé ta ni yóò ka Yorùbá ní Gúúsù Áfíríkà. A kì í bá wọn jiyàn. Ẹni méje ti ń kà á ná.

Orí fóònù ni mo ti tẹ ìtàn àkọ́kọ́ tí mo gbé wá, láìfi àmì sí i. Ìyá Ìbejì ló gbà á kà. Ó dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ìyàwó tuntun ru igba wọlé ọkọ, ó kà á bí ẹni ń ka owó. Ó dúró. "Igba kí ni, Ọ̀gbẹ́ni Akọ̀wé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bàbá. Igbá ni mo ní lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ gbé ìwé wá láìsí àmì mọ́.

Ti àmì ṣì kéré. Mo kọ ìtàn ìyá kan tó ń ta èso lẹ́bàá ibùdó takisí, tí wọ́n wá túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ìbànújẹ́ ńlá dorí ìyá náà kodò, ayé sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Mo ti kà á fún ara mi bí ìgbà mẹ́wàá nílé, mo wá ń retí kí wọ́n kan sáárá sí mi. Wọ́n kà á tán, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Bàbá Tẹ́lọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, "Kí ló wà lọ́wọ́ ìyá yìí nígbà tí wọ́n wá sọ fún un?"

Mi ò mọ̀. Èmi tí mo dá a, mi ò mọ̀.

"Lọ wò ó wá."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ta ọsàn àti ápù kọjá, tí mò ń wo ọwọ́ wọn. Ohun tí mo padà gbé wá ni: "Ìyá náà ń ka ṣéńjì. Wọ́n sọ fún un. Ó da owó náà sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí ẹyọ kan." Ìyàwó ọ̀kan nínú wa, ọmọ Zulu tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì ju ìkíni lọ, wá béèrè pé kí ló ṣe obìnrin náà. Òun ni mo máa ń ṣọ́ jù níjòókòó wa. Bí ìtàn bá ń fà, á máa gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu léraléra. Bí ó bá dùn, tíì á tutù.

Tí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ẹgbẹ́ wa ti gbé ṣe, kò pọ̀. Ìyá Ìbejì kọ eré tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣe ní Kérésì. Ẹnìkan tẹ àádọ́ta ìwé ewì, ó sì tà wọ́n tán níbi ìsọmọlórúkọ mẹ́ta. Ó di ọdún márùn-ún tí Bàbá ti ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kékeré ni tiwa; ẹgbẹ́ ńlá ni ti àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn àtijọ́. Ní 1961 ni Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, J.P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe àti àwọn mìíràn dá Mbari sílẹ̀, nínú ilé kan tí ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ rí. Orúkọ Igbo ni Mbari. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, etí àwọn ará ìlú sọ ọ́ di Mbari Mbayo: m bá rí i, m bá yọ̀. Ilé yẹn náà ló bí eré Ọba Kò So, tó dé Berlin ní 1964.

Ohun tí mi ò mọ̀ kí n tó dé ìlú yìí ni pé ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló jẹ́ ààrẹ Mbari níbẹ̀rẹ̀. Ezekiel Mphahlele ni. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn Drum ní Johannesburg níbí, kó tó kó lọ sí Nàìjíríà ní 1957. Ìwé àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà bíi tirẹ̀ sì wà lára ohun tí Mbari tẹ̀. Ní 1963, wọ́n tẹ ewì Dennis Brutus, Sirens, Knuckles, Boots, nígbà tí ìjọba tirẹ̀ ti fòfin de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, Brutus já mọ́ àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ láàárín ìlú yìí. Wọ́n yìnbọn lù ú lẹ́yìn, níwájú ilé-iṣẹ́ Anglo American, ní Main Street, ní Marshalltown. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí títì. Ọkọ̀ aláìsàn tó kọ́kọ́ dé, ti aláwọ̀ funfun ni; kò gbé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní Robben Island. Mbari tún fún un ní ẹ̀bùn ewì, ó dá a padà, nítorí pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Mo fẹ́ràn ìyẹn nínú rẹ̀: ó gba ọ̀rẹ́, ó kọ ẹ̀bùn.

Main Street yẹn ni mò ń gbà lọ sí ìpàdé, pẹ̀lú ìwé mi nínú ọ̀rá. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni apá kan ibẹ̀ báyìí. Mo máa ń rò ó pé òfin ẹgbẹ́ wa, tí mo ṣe bí ẹni pé Bàbá Tẹ́lọ̀ ló dá a sílẹ̀, Brutus ti fi tipátipá pa á mọ́ kí wọ́n tó bí mi: nígbà tí wọ́n ń ka tirẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sí níbẹ̀, kò lè là á yé ẹnikẹ́ni, kò lè bẹ̀bẹ̀ fún gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ náà ló dá dúró.

Sátidé tó ń bọ̀ ló tún kàn mí. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ni. Ìyá Ìbejì ni yóò kà á, mo sì ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀.