Ijó òkú ọ̀fọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mọ̀ pé a máa ń jó níbi òkú àgbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá kú, ta ni yóò lu ìlù? Ẹkún nìkan là ń sun.

Ní ọdún 1994, wọ́n pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn ní Rùwáńdà, tọmọdé tàgbà. Ní 2004, Germaine Acogny, tí a bí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti Kota Yamazaki, ará Jàpáànì, fi ọ̀ràn náà ṣe ijó. Orúkọ rẹ̀ ni Fagaala. Ẹgbẹ́ Jant-Bi ti Sẹ̀nẹ̀gà ló jó o. Ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Ṣé ó tọ́ kí a jó nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀? A ní ó tọ́. Yamazaki mú butoh wá sínú rẹ̀, ijó tí Tatsumi Hijikata bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì ní 1959. Ẹ wo oníjó Tchébé wa ní Atakpamé: ó gun igi gíga, ó nàró, inú wa dùn. Oníjó butoh kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa gbọ̀n, a máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ara ń ro. Kì í ṣe ijó àríyá. Ohun tí ẹnu kò lè sọ ni ara ń sọ.

Àléébù kan wà: ẹni tí kò gbọ́ ìtàn Rùwáńdà rí lè wo ijó náà tán, kí ó má mọ ohun tó wò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ kọ́kọ́ ka ìtàn náà, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.