Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Dìtẹ̀: Lórí Iṣẹ́ A. I. Aṣíwájú

Ẹ gbéra ní Àgbádárìgì, ẹ forí lé Sẹ̀mẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọjá ààlà, Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀. Àmọ́ nínú ọjà, èdè Ogù tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn náà lẹ máa bá níwájú.

Kí ni ààlà yìí wá ṣe fún wa? Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn. Ìwé rẹ̀ ọdún 1976, Western Yorubaland under European Rule, fi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wé ti Faransé láti 1889 sí 1945.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò pe ẹni tó sá ní ojo. Àwọn tó sá fún iṣẹ́ àfipáṣe lábẹ́ Faransé, tí wọ́n kó ẹrù kọjá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tẹ̀ ló ka ìrìn wọn sí. Òpìtàn tó bá ń wá èrò ìṣèlú nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ò lè rí wọn láéláé.

Ẹjọ́ tèmi rèé. Ìtàn Yorùbá ni ìwé náà gbájú mọ́. Àwọn Ogù etí òkun, tí ààlà kan náà là sí méjì, ò sí láàárín rẹ̀. Lóòótọ́, Partitioned Africans tó ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1985 mú ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo Áfíríkà. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Ìyá tó ń ru ẹrù kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ní èdè rẹ̀.

Ta ló máa kọ ọ́ fún un, ní Ogù àti ní Yorùbá? Àwa tá a kà á ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.