Òkú ni Hawthorne bá jà

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Nathaniel Hawthorne wo ilé tiẹ̀, ńṣe ló tún orúkọ ọ̀hún kọ. Hathorne ni bàbá ẹ̀ ń jẹ́. John Hathorne, baba ńlá wọn, wà lára àwọn adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní Salem lọ́dún 1692. Èèyàn 19 ni wọ́n yẹgi fún. Ọ̀pọ̀ gbà pé torí ìtìjú yẹn ló ṣe ki lẹ́tà “w” bọ àárín orúkọ náà.

Ìtìjú yẹn náà ló bí The Scarlet Letter, tó jáde lọ́dún 1850. Nínú ẹ̀, Hester Prynne lóyún nígbà tí ọkọ ẹ̀ ò sí ní Boston, ni wọ́n bá ní kó máa gbé “A” pupa káyà kiri. Pásítọ̀ tó fún un lóyún ń wàásù lọ ní tiẹ̀. Ibi tí ìwé yìí ti mú nìyẹn: ó mọ bí ìlú ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan bo tara ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àmọ́ lọ́dún 1850 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n máa mú ẹrú tó bá sá lọ sí àríwá padà fún olówó ẹ̀. Òfin náà kan Boston, ìlú Hester. Kí wá ni Hawthorne sọ? Lọ́dún 1852, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Franklin Pierce, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń du ipò ààrẹ. Èrò tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni pé ká fi ọ̀rọ̀ ẹrú sílẹ̀ fún Ọlọ́run, á lọ fúnra ẹ̀ tó bá yá. Pierce wọlé, ó sì fi Hawthorne ṣe aṣojú ìjọba ní Liverpool.

Ẹnì kan lè ní ó kúkú bá alààyè wí: nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ The Scarlet Letter, ó fi àwọn aṣọ́bodè Salem tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì bí ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kó tó sọ̀rọ̀.

Mi ò ní ká ju ìwé náà nù o. Ó jinlẹ̀, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n òkú kì í fúnni níṣẹ́, kì í sì í gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Lọ́dún 1852 tí Hawthorne ń ní ká ní sùúrù, Harriet Beecher Stowe gbé Uncle Tom’s Cabin jáde. Ọwọ́ Stowe ò já fáfá tó ti Hawthorne, àmọ́ àwọn tó ń ra èèyàn tí wọ́n ń tà á lójú ayé ẹ̀ ló kọjú sí. Tẹ́ ẹ bá ń ka òǹkọ̀wé tó ń bá ìlú ẹ̀ wí, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé ìlú àná ni, àbí ìlú tó ń bọ́ ọ lónìí?