Ta ni Ẹ̀fẹ̀ Fágúnwà Ń Bá Wí?

Nínú ìtàn arìnrìn-àjò, ẹni méjì ni òǹkọ̀wé lè fi ṣẹ̀fẹ̀: àwọn ará ìlú tí arìnrìn-àjò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí arìnrìn-àjò náà fúnra rẹ̀. Èwo ni Olóògbé D. O. Fágúnwà yàn? Bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìwé rẹ̀, ẹwà èdè àti ẹ̀kọ́ ìwà ni a sábà ń tọ́ka sí; a kì í béèrè ẹni tí a ń rín.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tí ó jáde ní 1954. Àwọn ọdẹ tí ń lọ sí Òkè Ìrònú dé Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, níbi tí Òmùgọ́diméjì ti ń jọba. Orúkọ ọba yìí nìkan tó ẹ̀rín: òmùgọ̀ ẹyọ kan kò tó fún oyè, àfi kí ó di méjì! Fágúnwà fi ìlú náà ṣe dígí fún tiwa, gẹ́gẹ́ bí eléfẹ̀ ilẹ̀ Kétu ti í fi ìwà ìlú ṣẹ̀sín lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òǹwòran ni àwọn ọdẹ náà nínú ẹ̀rín yìí.

Jonathan Swift kò dá Gulliver sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1726. Ó kọ́kọ́ mú wa rín àwọn ènìyàn kúńkúrú Lilliput, tí ń jó lórí okùn kí ọba lè fi wọ́n joyè. Nígbà tí Gulliver padà délé níkẹyìn ńkọ́? Òórùn aya àti ọmọ rẹ̀ ń rí i lára. Ẹṣin ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìrìn-àjò ti ba ọkùnrin náà jẹ́. Ruwan Bagaja tí Abubakar Imam kọ ní èdè Hausa, tí àwọn aládùúgbò wa ní Kàdúná mọ̀ dáadáa, náà kò dá akọni sí: ẹni tí ń wá omi ìwòsàn kiri jẹ́ ẹlẹ́tàn, Malam Zurke sì ń tan òun náà.

Fágúnwà kì í ṣe àjèjì sí ìrìn-àjò. Ó ti dé Ìlú Òyìnbó, ó sì kọ Ìrìnàjò ní 1949. Ẹnu ìrìn ni ikú ti pàdé rẹ̀ ní Wuya lẹ́bàá Bida ní 1963, níbi odò Kàdúná kan náà tí ń ṣàn la ìlú wa kọjá.

Lóòótọ́, Àkàrà-oògùn a máa jẹ́wọ́ ẹ̀rù tí ó bà á. Ṣùgbọ́n Kàkò ńkọ́, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938)? Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, obìnrin rẹ̀ dì í mú, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkò yọ àdá, ó pa á, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wá ire fún ìlú. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ ti mú, ìwé náà kò sì dúró pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìtàn akin ni, a kì í fi akin ṣẹ̀sín. N kò gbà. Nínú ìjálá pàápàá, ọdẹ a máa fi ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sáré kọjá ojú ewé náà, kí ó wo àwọn ọmọbìnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Wọn kò bá a sáré.