Ẹni Méjì Tí Kò Bára Mu Lójú Ọ̀nà: Àwàdà Ìrìn-àjò nínú Fíìmù àti Àlọ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdí tí àwàdà ẹni méjì tí ìwà wọn kò bára mu, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà pa wọ́n pọ̀, fi ń dùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó kà á sí ẹ̀rín lásán. A kò fara mọ́ èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo fíìmù Amẹ́ríkà kan, Planes, Trains and Automobiles, tí John Hughes ṣe ní 1987. Neal (Steve Martin) ń ti New York lọ bá ẹbí rẹ̀ ṣe ọdún Ìdúpẹ́ ní Chicago. Del (John Candy), ọlọ́rọ̀ púpọ̀, lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu Del nìkan ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, bí kò ṣe pé Neal kò rí ọ̀nà já a sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti jókòó ti aláròyé nínú bọ́ọ̀sì láti Okitipupa dé Ọ̀rẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Ibùdó ìtàn ni ó di ẹ̀dá-ìtàn kẹta.

Bí a bá wá wo àlọ́ Ìjàpá àti Ajá, àwọn méjì tí wọ́n lọ jí iṣu wà lóko olóko, ẹ̀rín kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀nà ṣe yàtọ̀. Ajá mọ ìwọ̀n ẹrù tí ọrùn rẹ̀ gbà. Ìjàpá di tirẹ̀ kọjá agbára. Nígbà tí ó tó àkókò láti sá, Ìjàpá ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó ran òun lẹ́rù, ó sì tún ń halẹ̀ pé òun yóò ké sí olóko! Ọ̀nà rán Neal àti Del pọ̀, nítorí pé nígbẹ̀yìn ni Neal mọ̀ pé ìyàwó Del ti kú, tí ó sì mú un lọ sílé. Ọ̀nà fa Ìjàpá àti Ajá ya. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìrìn-àjò máa ń so ènìyàn pọ̀ kò tíì ka àlọ́ náà. Èyí tí ó sì kọ ọ́ pé olè kò dára, tí ó dákẹ́ síbẹ̀, kò rí i pé inú ẹrù ni ẹ̀rín wà.

Ti Fágúnwà nínú Ògbójú Ọdẹ (1938) tún yàtọ̀: Kàkó oníkùmọ̀ àti Olóhùn-iyọ̀ kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn pọ̀, ẹ̀bùn olúkúlùkù sì wúlò. (A máa ń rò ó pé ẹ̀rín ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ àwọn méjì yìí péré ni ọba rán sí Òkè Lángbòdó.)

Nítorí náà, dípò kí àwa olùdánwò máa béèrè ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ni nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó lè fi ẹnì kejì sílẹ̀, nígbà wo, kí ni kò sì jẹ́ kí ó ṣe é?