Láti Windows sí Linux: Ta ni «Yorùbá» inú kọ̀ǹpútà wà fún?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, Microsoft parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ kò lè gba Windows 11 ni a máa ń gbà níyànjú pé kí ó lọ sí Linux, pàápàá Ubuntu. Ìdí méjì ni a sábà ń gbọ́: kò gba owó, òmìnira sì wà nínú rẹ̀. Ti owó kò ní àríyànjiyàn. Ti òmìnira ni ó yẹ kí àwa onímọ̀ èdè yẹ̀ wò.

Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Windows, ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ni: ẹ, ọ àti ṣ, lórí QWERTY. Akẹ́kọ̀ọ́ Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ AZERTY, tí ó sì ń kọ ɛ, ɔ àti sh gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ó bá bọ́ sí Linux ńkọ́? «Yorùbá» tún wà lábẹ́ Nàìjíríà, QWERTY náà ni. Ibi kan tí yóò ti rí ɛ àti ɔ lórí AZERTY ni pátákó tí a pè ní «Faransé (Tógò)». Èyí tí ó ń jẹ́ Yorùbá kò gba Yorùbá rẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ́ Faransé ni ó gbà á.

Àwọn kan yóò ní kí gbogbo wa kúkú máa kọ bíi ti Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tí ó tó jíròrò ni, ṣùgbọ́n àwùjọ ni ó yẹ kí ó parí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó to bọ́tìnnì.

Ṣé ṣíṣí kúrò ní Windows kò wúlò nìyẹn? Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìdí tí a ń gbọ́. Lórí Windows, ènìyàn lè ṣe pátákó tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi í sínú Windows gbogbo ayé. Ní ti Linux, fáìlì lásán ni ètò bọ́tìnnì jẹ́: a lè kà á, a lè tún un ṣe, a sì lè fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀: nínú CLDR ti Unicode, yo-BJ dá dúró pẹ̀lú ɛ, ɔ àti sh tirẹ̀.

Nítorí náà, òmìnira tí Linux ní jẹ́ ti ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ lé e lórí. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè tó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó ṣí lọ, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ to pátákó tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò bá níbẹ̀.